Má Tíì Tan Àwọn Wọkí-tọkí Yẹn

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Fẹ́mi ọmọ mi,

Àbúrò mi, ìyá rẹ, sọ fún mi pé o ti ra wọkí-tọkí Baofeng mẹ́fà fún àwọn tó ń darí mọ́tò nínú ọgbà ìjọ yín ní Manchester, àti pé wọn ò wọ́n rárá. O ṣeun. Ṣùgbọ́n má tíì tàn wọ́n.

Mo mọ̀ pé o máa ní, "Bàbá Peckham, àmì CE wà lára wọn, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ìwé nígbà tí mo rà wọ́n." Wọn ò ní bi ọ́. Ọ̀rọ̀ kò sí nínú rírà, inú lílò ló wà. Òfin rédíò ọdún 2006 ní kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ níbí gba láísẹ́ǹsì, àfi irú ẹ̀rọ tí wọ́n bá yọ̀ǹda. PMR446 wà lára èyí tí wọ́n yọ̀ǹda: agbára rẹ̀ kì í ju ìdajì wáàtì lọ, áńtẹ́nà rẹ̀ kì í sì í tú. Mú ọ̀kan nínú àwọn Baofeng UV-5R rẹ, yí áńtẹ́nà rẹ̀ wò. Ó tú, àbí? Bí o tiẹ̀ gbé e sórí ìlà 446 MHz, kò lè di PMR446 mọ́ ọ lọ́wọ́.

Nígbà tí mo ń ṣọ́ ibi ìkọ́lé kan, irú Baofeng yẹn ni wọ́n kó fún wa. Lọ́jọ́ kejì, ohùn awakọ̀ takisí kan bú jáde nínú rẹ̀: ta ni wá, kí la ń wá lórí ìlà àwọn? Owó ni wọ́n san sórí ìlà yẹn; àwa kàn já wọ̀ ọ́ bí ewúrẹ́ tó já wọ oko ẹ̀gẹ́. Ojú tì mí, àgbà bíi tèmi!

Má sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Houston fi tiwọn ránṣẹ́ o. FRS, irú wọkí-tọkí tí wọ́n ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, orí 462 àti 467 MHz ló wà, kò sì bófin mu níbí.

PMR446 á tó ọgbà yín. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀, Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò níbí, ní láísẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Simple UK Light, £75 fún ọdún 5. Kí ìjọ san án, kì í ṣe ìwọ. Kí ẹ sì bi ẹni tó máa ta ẹ̀rọ fún yín bóyá ẹ̀rọ náà bá láísẹ́ǹsì yẹn mu.

Ìgbà wo ni àwọn Baofeng náà dé ọwọ́ rẹ? Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti rà wọ́n, tí kò sì tíì pé ọjọ́ 14, o ṣì lè sọ fún ẹni tó tà wọ́n pé o fẹ́ dá wọn padà. Má da páálí wọn nù. Pè mí lálẹ́ òní.

Èmi ni,
Bàbá Peckham