Ta Ni Yóò Wo Dókítà?

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa, bí ara ọmọ bá gbóná lóru ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀dọ̀ dókítà ni a máa ń sáré gbé e lọ. A kì í sábà béèrè bóyá dókítà náà ti sùn. Ẹ̀kọ́ wa ní ìgbà yìí dá lórí àwọn dókítà tí ìdààmú ọkàn, ọtí tàbí oògùn líle ti dè mọ́lẹ̀.

Ní September 2023, dókítà ọ̀dọ́ kan ní ilé ìwòsàn LUTH, ní Ìdí-Àràbà, ṣubú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kú. Àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé wákàtí 72 ni ó ti fi ṣiṣẹ́ ṣáájú. A kò sọ pé oògùn ni ó fà á. Ìwúwo ẹrù iṣẹ́ náà ni a fẹ́ kí a rí. Bí ọ̀pọ̀ dókítà sì ti ń lọ sí òkè òkun, ẹrù náà ń wúwo sí i fún àwọn tí ó kù.

Ẹnu irú àárẹ̀ báyìí ni ewu ń gbà wọlé. Ẹnìkan á mu ọtí kí ó lè sùn. Ẹlòmíràn á lo oògùn kí oorun lè dá lójú rẹ̀. Oògùn tí ẹlòmíràn ń wá kiri, àrọ́wọ́tó dókítà ni ó wà. Abẹ́rẹ́ ìrora tí à ń pè ní pentazocine ti di bárakú fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan ní Nàìjíríà. Ìtìjú kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á wá máa wo ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ẹ wo Dókítà Robert Smith, oníṣẹ́ abẹ ní Akron, Amẹ́ríkà, tí ọtí dè fún ọdún púpọ̀. Ní May 1935, Bill Wilson, tí òun náà ti jẹ́ ọ̀mùtí rí, jókòó tì í, ó sì sọ ìtàn ara rẹ̀ fún un láìbá a wí. Ní June ọdún náà ni Smith mu ọtí kẹ́yìn, títí ó fi kú ní 1950. Àwọn méjèèjì ni ó dá ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous sílẹ̀.

Kí ni àwa lè ṣe?

1. Bí ọmọ tàbí ọkọ wa bá jẹ́ dókítà, kí a béèrè oorun rẹ̀ kí a tó béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀.

2. Bí ó bá ń sá fún ènìyàn, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tí ó ń fi abẹ́rẹ́ pamọ́, kí a fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Kí a má ṣe sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìta.

3. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá, tí ó ti wà láti 1907, ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún.

4. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, kí a má fi òun nìkan sílẹ̀. Kí a mú un dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìbéèrè: Bí dókítà kan nínú ẹbí wa bá fẹ́ sọ ìṣòro rẹ̀ lónìí, ṣé ó lè sọ ọ́ fún wa kí ó má sì di ìròyìn lọ́la?