Ìju Kì í Jẹ

Rédíò ni mo ti gbọ́ ọ, ó sì dùn mí dé ọkàn: sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ń polówó àgbo, ó ní ó ń wo "jẹjẹrẹ ìju." Ta ló so àwọn méjèèjì pọ̀?

Ẹ wo jẹ tó wà nínú jẹjẹrẹ. Lẹ́nu wa, ohun tó bá jẹ nǹkan, ó ń gbà á lọ ni: ikán jẹ òpó, kòkòrò jẹ eyín. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni jẹjẹrẹ ṣe ń wọnú ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń bà á jẹ́. Ìju kì í jẹ. Iṣan ilé ọmọ fúnra rẹ̀ ló di kókó tó ń tóbi. Bí ikùn bá yọ tán, a ní oyún ìju ni. Ó lè mú kí nǹkan oṣù ya bí omi, síbẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, fáíbírọ́ìdì, ti gba ipò ìju lọ́jà àti nílé ìwòsàn, mo ti gbà fún un. Jẹjẹrẹ ni n kò ní gbà.

Ìju kan tó ṣọ̀wọ́n tilẹ̀ wà tó ń rìn dé ẹ̀dọ̀fóró. Oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Steiner kọ nípa rẹ̀ ní 1939. Obìnrin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ìju fún lọ́dún pípẹ́ sẹ́yìn lè lọ ya fọ́tò àyà nítorí nǹkan mìíràn, kí kókó hàn níbẹ̀. Ojú lásán á pè é ní jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá gé bíńtín níbẹ̀, tó fi maikirosíkóòpù wò ó, yóò rí i pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kì í pín wàràwàrà. Ó rìn, kò jẹ. Họ́mọ̀nù obìnrin ló ń bọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí òmíràn fi ń súnkì nígbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró. Wọ́n lè máa ṣọ́ ọ lásán, wọ́n lè fún obìnrin náà ní oògùn tó ń dín họ́mọ̀nù kù, wọ́n sì lè yọ kókó náà tàbí ilé ẹyin pàápàá.

Obìnrin tó bá gbọ́ jẹjẹrẹ lè fi ẹ̀rù sá fún ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ẹ dákun, ẹ pè é ní ìju tàbí fáíbírọ́ìdì. Ìyá wa tó bá sì ní kókó lára, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́nikẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ.