Yíyí Ipa Ọ̀nà Eré Márátọ́ọ̀nù Padà

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá yí ọ̀nà eré márátọ́ọ̀nù ìlú kan padà, ṣé a ṣì lè fi àkókò tuntun wé ti àtẹ̀yìnwá?

Ìdáhùn: Ó ṣòro, nítorí pé kìlómítà 42.195, tí í ṣe gígùn eré náà, nìkan ni kì í yí padà. Ní New York, inú ọgbà Central Park nìkan ni wọ́n ti sá a ní 1970, ṣùgbọ́n ní 1976 wọ́n là á gba ẹkùn márààrún ìlú náà kọjá, ó sì di pé àwọn eléré ń gun afárá kan tẹ̀lé òmíràn.

Ìwọ̀n gan-an ni ọ̀ràn ti máa ń bẹ́yọ. Ní 1981, wọ́n ka wákàtí 2, ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú àáyá 13 tí Alberto Salazar fi sáré níbẹ̀ sí èyí tó yá jù lágbàáyé, àfi ìgbà tí wọ́n tún ọ̀nà wọ̀n, tí wọ́n rí i pé ó fi nǹkan bí mítà 150 kúrú. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń wọn ọ̀nà fi ń gun kẹ̀kẹ́ tí a so òǹkà, èyí tí ń ka iye ìgbà tí táyà yí, mọ́ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, tí wọ́n ń tọ ibi tó yá jù ní gbogbo kọ́nà, tí wọ́n sì ń fi mítà kan lé kìlómítà kọ̀ọ̀kan, bí ọlọ́jà tí ń fi èènì sí ọjà.

Ọ̀nà tó bá sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù, bíi ti Boston, kò yẹ fún àkọsílẹ̀ àgbáyé. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ka wákàtí 2, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 2 tí Geoffrey Mutai fi sá a ní 2011 mọ́ ọn.