Ọ́ìlì Tí Ń Jò Lára Ọkọ̀: Bí A Ti Ń Wá Orísun Rẹ̀ Àti Bí A Ti Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń kó èrò láti abúlé lọ sí ìlú ni oko ẹni tí ó ni ín. Òun náà sì ni ẹsẹ̀ àwọn ará abúlé nígbà tí aboyún bá ń rọbí lóru, tàbí nígbà tí irè oko bá fẹ́ bàjẹ́ kí ó tó dé ọjà. Nítorí náà, bí awakọ̀ bá jí ní òwúrọ̀ tí ó rí ọ́ìlì tí ó kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, kò yẹ kí ó fi ojú kékeré wò ó. Ọ́ìlì ni kì í jẹ́ kí àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì máa ha ara wọn. Òun náà ni ó sì ń gbé ooru kúrò lára wọn. Bí ó bá gbẹ, ẹ́ńjìnnì yóò nọ́ọ̀kì, ọ̀ràn tí gásíkẹ́ẹ̀tì kékeré kan ìbá parí yóò sì di ọ̀ràn ríra ẹ́ńjìnnì mìíràn.

Ṣé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni?

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ń kán lábẹ́ ọkọ̀ ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Omi tí ń kán láti inú ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ a máa mọ́ gaara. Omi rédíétọ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀ a máa dà bí oyin nígbà tí ó bá jẹ́ tuntun, a máa dúdú nígbà tí ó bá gbó, a sì máa yọ̀ láàárín ìka méjì.

Kí awakọ̀ gbé ọkọ̀ sí orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ní alẹ́, kí ó sì tẹ́ páálí mímọ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ní òwúrọ̀, kí ó tó ṣáná sí ọkọ̀, kí ó yọ géèjì ọ́ìlì, kí ó nù ún, kí ó tì í bọ̀ ọ́ padà, kí ó sì tún yọ ọ́. Ó yẹ kí ọ́ìlì wà láàárín àmì méjèèjì. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ àmì ti ìsàlẹ̀, kí ó kọ́kọ́ fi ọ́ìlì kún un díẹ̀díẹ̀ kí ọkọ̀ tó lọ ibikíbi. Bí iná pupa tí ó ní àwòrán agolo ọ́ìlì bá tàn lójú ọ̀nà, kí ó dúró ní ibi tí kò léwu, kí ó sì pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Iná yẹn kò sọ pé ọ́ìlì fẹ́ẹ́ tán. Ohun tí ó ń sọ ni pé agbára tí ń ti ọ́ìlì kiri inú ẹ́ńjìnnì ti lọ sílẹ̀.

Ibi tí ó kán sí kọ́ ni ibi tí ó ti ń jò

Ẹni tí ó ń gbé abẹ́ òrùlé páànù mọ ọ̀ràn yìí dáadáa. Omi òjò a máa gba ojú ìṣó wọlé, a máa rìn lórí igi àjà, kí ó tó kán sórí ibùsùn tí ó jìnnà sí ihò náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ́ìlì. Ó lè ti abẹ́ ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, jò, kí ó ṣàn gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, kí ó sì kán ní ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ti pàdé. Mẹkáníìkì tí ó bá kánjú yóò ní ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn ni ó bàjẹ́. Wọn yóò sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, owó ńlá yóò lọ, ọ́ìlì yóò sì tún kán ní ọjọ́ kejì. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ènìyàn kì í wo ibi tí ó ṣubú sí, ibi tí ó ti kọsẹ̀ ni í wò.

Nítorí náà, fífọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù pátápátá, kí a fi àkísà àti omi ọṣẹ nu gbogbo ara rẹ̀, láìjẹ́ kí omi dé ara wáyà iná. Kí a má ṣe lo epo bẹntiróòlù rárá, nítorí iná. Nígbà tí ó bá gbẹ, kí a fọ́n páúdà ìpara díẹ̀ sí ibi tí a fura sí, kí a wa ọkọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kí a pa á, kí a sì fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ibi tí ó ga jù lọ tí ó tutù fún ọ́ìlì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí.

Àtúnṣe

Bí ó bá jẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá bóòtì ni ó dẹ̀. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì bá ti gan tàbí tí ó ti ya, kí a nu ojú irin méjèèjì mọ́, kí a fi tuntun sí i, kí a sì máa dì í díẹ̀díẹ̀ láti àárín lọ sí etí. Dídì ní àdìjù a máa tẹ ìdérí, jíjò náà a sì burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Bí ó bá jẹ́ asẹ́ ọ́ìlì, kí a rí i dájú pé rọ́bà asẹ́ àtijọ́ kò lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, nítorí bí rọ́bà méjì bá gun ara wọn, ọ́ìlì yóò tú jáde. Bí ó bá jẹ́ bóòtì tí a fi ń da ọ́ìlì àtijọ́ nù, wáṣà tuntun ni ó sábà máa ń wò ó sàn.

Ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú a máa mí. Bí rọ́bà kékeré tí atẹ́gùn inú rẹ̀ ń gbà jáde bá dí, atẹ́gùn náà yóò máa ti ọ́ìlì gba ojú gásíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní àbùkù. Kí a là á kí a tó ra ohunkóhun.

Ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn jẹ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ tó gbà pé kí wọ́n sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, kí ó ní kí wọ́n fi hàn òun pé òkè gbẹ. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, nítorí ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.

Ọ́ìlì àtijọ́ kò yẹ ní dídà sí ẹ̀bá kànga tàbí odò. Inú kéègì ni kí a dà á sí. Lẹ́yìn àtúnṣe, kí a tún tẹ́ páálí mímọ́ sábẹ́ ọkọ̀ fún alẹ́ mélòó kan. Bí páálí bá mọ́, tí géèjì kò sì lọ sílẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Bí páálí bá mọ́ ṣùgbọ́n tí géèjì ń lọ sílẹ̀, tí èéfín ọkọ̀ sì ní àwọ̀ aró, inú ẹ́ńjìnnì ni ọ́ìlì ti ń jó. Àìsàn mìíràn nìyẹn, kì í ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì ìta ni yóò wò ó.