Eyín Tí Ajá Fi Ń Bá Ọmọ Rẹ̀ Ṣeré

Eyín tí ajá fi ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré, òun náà ló fi ń gé e jẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pa òwe yìí fún tọkọtaya, fún ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, láìmọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní jẹ́ òwe mọ́ lójú mi. Ajá gidi ni, ìyá gidi àti ọmọ gidi, nínú àgbàlá mi n'Íbàdàn.

Ẹ̀yìnlàárò ni ìyá ń jẹ́. (Ẹ mọ orúkọ ajá nílẹ̀ wa: ẹni tó ní gbólóhùn asọ̀ pẹ̀lú aládùúgbò ni í sọ ajá rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó lè máa pè é sókè kí ẹni tọ́rọ̀ kàn gbọ́. Ẹni tó fún mi ní ajá ló sọ ọ́ lórúkọ. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà.) Jákì ni ọmọ, òun nìkan la fi sílẹ̀ nínú márùn-ún tí ìyá rẹ̀ bí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìyá jẹ́ ọmọ ọdún 8, ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 2. Orí àpò kan náà ni wọ́n ń sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, télọ̀ alárìnká, àwọn tí a ń pè ní Obíọ́mà, ń kọjá lọ lójú títì, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ léjìká, ó ń fi sísọ́ọ̀sì lù ú ṣáká-ṣáká. Àwọn ajá méjèèjì sáré dé géètì, wọ́n ń gbó. Ọkùnrin náà bá tirẹ̀ lọ. Kí n tó ṣẹ́jú, Jákì ti yíjú padà, ó ti gbá ìyá rẹ̀ mú lọ́rùn. Èmi náà sáré, mo ki ọwọ́ bọ àárín wọn. Àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ òsì mi. Onílàjà ní í fojú gbọgbẹ́, àwọn àgbà ti wí i tipẹ́. Mo rò pé ìjà ènìyàn ni wọ́n ń bá wí.

Nítorí náà, ọwọ́ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ajá tó wà nínú ìjà kò mọ ọwọ́ olówó rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ọ̀tá. Ẹ má fọwọ́ kan ọrùn wọn, ẹ má sì figbe ta, torí igbe wa ń dáná sí i ni. Ẹ da omi garawa kan lé wọn lórí. Ẹ gbá ìdérí ìkòkò méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn. Ẹ ti pákó, àga oníke tàbí páànù bọ agbede méjì wọn, tàbí kẹ́ ẹ ju bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n. Bí èyí ò bá ràn, tí ẹ sì jẹ́ ènìyàn méjì, kí oníkálukú di ajá kan mú ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, lókè níbi itan, kẹ́ ẹ máa fà wọ́n sẹ́yìn bí ẹní ń wọ́ bárò, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni kan ṣoṣo ò gbọdọ̀ dán an wò, torí èyí tó dì mú kò ní lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ èkejì. Bí ọ̀kan bá ti di èkejì mú típẹ́típẹ́ lẹ́nu, ẹ má fà á. Ẹran ni yóò ya. Ẹ dúró di ìgbà tó bá tú ẹnu. Bí wọ́n bá ti yà, ẹ ti ilẹ̀kùn sí àárín wọn. Àwọn kan á ní kí a fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jà á tán. Ìjà ajá kì í tán bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń kọ́ ọ mọ́ra.

Ẹ wá yẹ ara wọn wò lábẹ́ irun. Ojú ọgbẹ́ eyín lè kéré bí ojú abẹ́rẹ́, kí awọ ti ya kúrò lára ẹran nísàlẹ̀. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ó ti dọyún. Ọ̀dọ̀ dókítà ajá ni kí wọ́n sùn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta egbòogi lọ́jà.

Tèmi ọmọ ènìyàn ńkọ́? Bó ti wù kí ajá sínwín tó, ó máa ń mọ ojú iná. Òwe yìí dára, ṣùgbọ́n kò kan dìgbòlugi. Ajá tí dìgbòlugi mú kò mọ iná, kò mọ olówó rẹ̀. Nínú 100 ènìyàn tí àrùn yìí ń pa láyé, bí 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n, bó bá sì ti fara hàn lára ènìyàn, ìwòsàn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́. Nílẹ̀ wa, nígbà tí ìwà ajá bá yí padà lójijì, ibẹ̀ ló yẹ kí ọkàn kọ́kọ́ lọ. Ṣé ó ń dá itọ́? Ṣé ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, tí kò lè gbé omi mì, tó ń bu igi àti òkúta jẹ? Ajá kékeré tó bá ti pé oṣù mẹ́ta ló yẹ kó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, kó sì máa gbà á lọ́dọọdún. Tèmi méjèèjì ti gbà á, káàdì wọn wà. Síbẹ̀ mo fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ mi fún ìṣẹ́jú 15, mo sì gba ilé ìwòsàn lọ láìfi epo, ata tàbí ewé gígún kankan sí i. Ajá tó bá gé ènìyàn jẹ, ọjọ́ 10 la fi ń ṣọ́ ọ; ṣùgbọ́n ènìyàn kì í fi ọjọ́ 10 náà dúró kó tó gba ìtọ́jú tirẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn: kí ló dé lójijì? A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a ò bá lé ejò, ejò ló ń lé wa. Dókítà gbé Ẹ̀yìnlàárò lé tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́ léjìká, kò sí. Ó tẹ̀ ẹ́ ní ìbàdí, ajá yí orí sí ọwọ́ rẹ̀ wìì. Oríkèé ló ń dùn ún. Mo ti rí i pé ó ń pẹ́ kó tó dìde láàárọ̀, mo ní àgbà ló ń dé. Ajá tí ara ń ro kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ara kan òun, ajá kékeré sì ń fi ara kan ènìyàn ṣáá ni. Etí tó ń kẹ̀, eyín tó ti bàjẹ́, ojú tó ń ṣú, gbogbo rẹ̀ lè sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ àwọn méjèèjì wò, ẹni tó jẹni àti ẹni tí wọ́n jẹ.

Dókítà ní òun ò rí ohun òjijì kankan níbẹ̀. Láàárín ọdún kan ààbọ̀ sí mẹ́ta ni ajá ń balẹ̀ di àgbà, ìgbà yẹn ni ọmọ tí ń gbà fún gbogbo ayé ń bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé kí ló dé. Abo àti abo inú ilé kan náà sì ni ìjà wọn sábà máa ń le jù. Ó wá bi mí pé: Jákì kì í dúró sí ẹnu ọ̀nà dí ìyá rẹ̀? Ìyá kì í gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá rí i? Wọn kì í wo ara wọn láìṣẹ́jú, kí ara ọ̀kan le gan-an bí igi? Gbogbo rẹ̀ ni mo ti rí. Mo ti rẹ́rìn-ín sí i pàápàá. Ti Obíọ́mà yẹn, ìbínú sí ẹni tí ọwọ́ wọn ò lè kàn lójú títì ni Jákì kó lé ẹni tó sún mọ́ ọn jù.

Àṣìṣe mi kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, àgbà ló ń kọ́kọ́ fọwọ́ bọ oúnjẹ. Mo bá ń bọ́ ìyá ṣáájú, mo ń kí i ṣáájú, mo ń lé ọmọ kúrò lọ́nà fún un, bí ẹni pé Jákì yóò kúnlẹ̀ kí ìyá ẹ̀ káàárọ̀. Ìyá tó ti fọgbọ́n yẹra fún ọmọ tẹ́lẹ̀ wá rí èmi lẹ́yìn rẹ̀, ó gbóyà, ó lọ dúró níbi tí kò yẹ kó dúró. Ìjà kejì nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ilé Yorùbá dára, ṣùgbọ́n ajá ò gbọ́. Mo tún gbé pàṣán. Ajá tí a nà torí pé ó kùn kò ní yé bínú; kíkùn ló máa dáwọ́ rẹ̀ dúró, lọ́jọ́ mìíràn yóò géni jẹ láìkìlọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi yà wọ́n, ọ̀kan lẹ́yìnkùlé, ọ̀kan níwájú, tí wọn ò rí ara wọn. Ìyá ń lo oògùn oríkèé. Lẹ́yìn náà, èmi mú ọ̀kan, ọmọkùnrin mi mú èkejì, pẹ̀lú okùn, a jáde sójú títì, a jọ ń rìn lọ sí apá kan náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún títì, ọ̀kan lápá òsì, láìjẹ́ kí wọ́n kọjú síra. Ojoojúmọ́ là ń dín àlàfo náà kù díẹ̀díẹ̀, bí ara ọ̀kan bá le, a tún fẹ̀ ẹ́. Nínú ilé, abọ́ ń wà ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a ń kó o kúrò bí wọ́n bá jẹun tán. Eegun kò sí mọ́ nígbà tí wọ́n bá jọ wà. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí ara wọn ń yá gágá, mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà tóóró. Nígbà tí Jákì bá ń wá akọ, a tún yà wọ́n pátápátá.

Ó rí bẹ́ẹ̀ fún wa. Ilé mìíràn wà tí kò ní rí bẹ́ẹ̀, pàápàá níbi tí ọgbẹ́ ti ń pọ̀ sí i ní ìjà kọ̀ọ̀kan, tàbí tí ọmọdé ti ń rìn gààràgà láàárín wọn. Níbẹ̀, kí ọ̀kan lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹbí tí kò ní ajá kì í ṣe ìtìjú.

Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, mo gbọ́ ṣáká-ṣáká láti òpin àdúgbò. Mo fi bírò sílẹ̀, mo pe Jákì wọlé, mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìyá nìkan ló gbó o dé géètì.