Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: SÍSIN ẸJA EPÌYÀ NÍNÚ TÁǸKÌ ILÉ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbèrò láti fi owó ẹ̀yáwó sin epìyà, tí àwọn kan ń pè ní tìlápíà, nínú táǹkì sìmẹ́ńtì lẹ́yìnkùlé. Òwò gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ìwà ẹja yìí kí owó tó jáde.

Irú epìyà tí a ń sìn jù, ti odò Náílì, kì í pẹ́ bímọ. Ẹnu ni ìyá ń kó ẹyin sí títí yóò fi pa; bí ewu bá dé, àwọn ọmọ a tún sá wọ ẹnu rẹ̀. Nítorí náà, bí akọ àti abo bá wà pọ̀, kò ní pẹ́ tí táǹkì yóò fi kún fún ẹja wẹ́wẹ́ tí kò lè tóbi. Ta ni yóò rà wọ́n?

Kí ni ká wá ṣe?

1. Akọ ló ń tètè tóbi. Ẹ yí ikùn ẹja wò: akọ ní ihò méjì, abo ní mẹ́ta. Akọ nìkan ni kí ẹ tọ́ fún ọjà.

2. Ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀rọ wà ní gbangba fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí oògùn inú rẹ̀ lè fò lọ.

3. Oúnjẹ tí wọn yóò jẹ tán kíá ni kí ẹ fún wọn. Àjẹkù a máa ba omi jẹ́. Bí ẹja bá ń mí gúlegúle lókè omi láàárọ̀, ẹ tètè pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi náà.

4. Ẹ kọ iye owó oúnjẹ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tí kò mọ ohun tó ná, kò lè mọ èrè tó jẹ.