Bọ́ọ̀sì tó ń lọ Calavi ń kọjá níwájú wọn

*Olóòtú wa, olùkọ́ ìṣirò ni mí ní CEG (“collège”, ilé ẹ̀kọ́ girama) kan lágbègbè Dassa-Zoumè, ní orílẹ̀-èdè Benin. Bí ọmọ bá ti gba BEPC (ìwé ẹ̀rí ìpele àkọ́kọ́ girama), òmíràn á sọdá sí Nàìjíríà lọ ṣiṣẹ́ oko, òmíràn á máa wa zémidjan (ọ̀kadà). Nínú àwọn tó gba BAC (ìwé ẹ̀rí àṣejáde girama) pàápàá, díẹ̀ ló ń wọ yunifásítì. Kí la lè ṣe? — Olùkọ́ láàárín òkè*

Olùkọ́ wa, kì í ṣe làákàyè ló wọ́n àwọn ọmọ yín, ìsọfúnni ni. Ìdáàṣà (Dassa-Zoumè) wà láàárín yunifásítì méjì: Abomey-Calavi nísàlẹ̀, Parakou lókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí yín tó nǹkan bíi 200 kìlómítà. Ọmọ tó ń gbé ẹ̀pà sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì Kútọnu ní oríta yín kò mọ̀ pé Calavi ni bọ́ọ̀sì náà máa gbà kọjá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Mo sì fura pé nígbà tó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ yín ni wọ́n ń pè ní “collège”, ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ibẹ̀ ni ìwé parí sí.

Ẹ má dúró de “terminale”, ọdún tó kẹ́yìn, kẹ́ ẹ tó bá wọn sọ̀rọ̀ yunifásítì. Ìgbà tọ́mọ bá ń wọ “seconde”, ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn BEPC, ló ń yan “série”, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ilẹ̀kùn ti ń tì. Ọmọ tó bá tẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí A (ẹ̀ka èdè àti lítíréṣọ̀), tó wá fẹ́ di dókítà lẹ́yìn náà, ó ti pẹ́ jù fún un. Nítorí náà, “troisième”, ọdún BEPC, ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi ọmọ àgbẹ̀ oníkajú léèrè bóyá ó mọ̀ pé wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní yunifásítì Parakou, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀nà tó gba D (ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì) débẹ̀ hàn án.

Tẹ́ ẹ bá ń wá àpẹẹrẹ fún wọn, ẹ lè dárúkọ Olabiyi Yaï, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tó múlé tì yín, tó kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀, tó sì ṣe alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ UNESCO láti 2007 sí 2009. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹni ńlá máa ń jìnnà sójú ọmọdé. Ọmọ tó jáde lọ́dọ̀ yín lọ́dún tó kọjá, tó sì ti wọ yunifásítì, ni kẹ́ ẹ wá. Lóṣù kẹjọ, nígbà tí èrò bá ń wọ́ lọ jọ́sìn ní ihò àpáta Arigbo ní Ìdáàṣà, ọ̀pọ̀ wọn á wálé. Ẹ pe méjì, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Kí wọ́n mú káàdì yunifásítì wọn wá, kó máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, kí àwọn ọmọ fọwọ́ kan fọ́tò orí rẹ̀. Kí wọ́n sọ iye tí wọ́n ń san fún yàrá, kí wọ́n sì sọ ọjọ́ tí gàrí tán.

Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ jókòó ti àwọn òbí lásìkò tí wọ́n bá ti ta iṣu tán, nígbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn: ọkọ̀, yàrá, oúnjẹ, owó ìforúkọsílẹ̀. Bourse, owó ìrànwọ́ ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́, kò lè kárí, ẹ má fi dá ẹnikẹ́ni lójú. Ọdún 3 ló wà láàárín BEPC àti BAC, èsúsú ọdún 3 sì lè gbé ọmọ wọlé.

Nígbà tí èsì BAC bá jáde, ẹ dúró ti àwọn ọmọ tó yege bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí ohun tí wọ́n yàn lórí Apresmonbac, ìkànnì tí wọ́n ti ń yan yunifásítì. Ọmọ tí kò ní fóònù tó dáa, ẹ jẹ́ kó lo tiyín.